Kọ̀ǹpútà Tí Kò Gbéra: Ẹ Kó Ẹrù Jáde Ná

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ń palẹ̀ mọ́, ẹ má tíì pa rédíò yín. Ọ̀rọ̀ òní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ìbéèrè kan rèé. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ tan kọ̀ǹpútà. Iná rẹ̀ tàn. Fáànù inú rẹ̀ ń kùn. Ẹ jókòó tì í, ẹ ń retí àwòrán tẹ́ ẹ máa ń rí láràárọ̀. Àwòrán ò wá. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri, àfi ìlà ọ̀rọ̀ funfun kan ṣoṣo lédè Gẹ̀ẹ́sì: “No bootable device.” Ti ẹlòmíràn lè jẹ́ “Operating system not found.” Ọ̀kan náà ni wọ́n ń sọ. Kọ̀ǹpútà ń sọ pé òun wá ibi tí òun ó ti gbéra, òun ò rí i.

Àyà á já. Kí ló dé tí kò ní í já? Ìwé owó ọjà wà níbẹ̀. Fọ́tò ìsìnkú bàbá wà níbẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá tí ọmọ fẹ́ gbé fún olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì wà níbẹ̀, kò sì sí níbòmíràn.

Ẹ fara balẹ̀. Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú lónìí, màá sì máa pa dà sórí ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò gbéra kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí ẹrù inú rẹ̀ ti ṣègbé. Ẹ kó ẹrù jáde ná, kẹ́ ẹ tó tún ohunkóhun ṣe.

Kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Ètò kékeré kan wà tó ń gbé lórí pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà. BIOS ni wọ́n ń pè é. Ti àwọn tuntun ń jẹ́ UEFI. Òun ló máa ń kọ́kọ́ jí. Á yẹ ilé wò. Ṣé mẹ́mórì wà? Ṣé kíbọ́ọ̀dù wà? Lẹ́yìn náà, á kọjú sí háádì dísìkì, á wá ìlànà gbígbéra tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìlànà yẹn ló ń jí Windows. Bí ìlànà yẹn bá bàjẹ́, tàbí tí BIOS ò rí ọ̀nà débẹ̀, gbogbo nǹkan dúró síbẹ̀ nìyẹn. Ó dà bí ilé tí kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sọnù. Ṣé ẹrù inú yàrá ti jóná ni? Rárá o. Ó wà níbi tẹ́ ẹ gbé e sí.

Ṣùgbọ́n kí la máa ń ṣe? A ó gbé e ní kíá, ó di ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin kan á wò ó fírí. “Windows yín ti kú. Ẹ jẹ́ ká fọ́ọ̀mátì í.” Àwa náà á ní kó ṣe é, ṣebí ká ṣáà ti rí i lò ni. Tó bá máa fi di àṣálẹ́, kọ̀ǹpútà ti ń tàn, ó ń yára, ó mọ́ tónítóní. Ó mọ́ tóbẹ́ẹ̀ tí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tó sanwó, kí lẹ rà?

Mi ò bú àwọn oníṣẹ́ o. Ní Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà, àwọn kan wà tí wọ́n mọṣẹ́ dójú àmì. Ẹ ó gbé kọ̀ǹpútà tí ẹ rò pé ó ti kú fún wọn, wọ́n á jí i dìde níṣojú yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé fọ́ọ̀mátì ló yá jù fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá nílẹ̀. Ẹni tí ẹrù kì í ṣe tirẹ̀, kò ní í mọ bó ṣe wúwo tó.

Ó dáa. Kí la lè fọwọ́ ara wa ṣe nílé, kó tó di pé a sáré lọ síbì kankan?

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀! Ṣé fíláàṣì wà lára rẹ̀? Ṣé CD wà nínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣètò pé kó kọ́kọ́ wá ìlànà gbígbéra lára fíláàṣì kó tó yà sọ́dọ̀ háádì dísìkì. Fíláàṣì tó jẹ́ pé orin àti ìwé ìkésíni ìyàwó ló wà nínú rẹ̀, ibo ni yóò ti rí ìlànà fún un? Ẹ yọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́. Ẹ pa á. Ẹ tún un tàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn kan ti sanwó iṣẹ́ nítorí fíláàṣì lásán, oníṣẹ́ kan yọ ọ́ sápò, ó ní kí wọ́n pa dà wá lọ́la.

Bí kì í bá ṣe fíláàṣì ńkọ́? Ẹ pa rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi kẹ́ ẹ tó pa rédíò. Ẹ wá gbé etí sún mọ́ kọ̀ǹpútà yẹn.

Háádì dísìkì onírin tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, àwo róbótó tó ń dán gbinrin ló wà nínú rẹ̀. Ó ń yí. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ìgbà 5,400 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì máa ń tó 7,200. Orí kékeré kan ló ń kàwé lójú àwo náà. Orí yẹn kì í fara kan àwo o. Atẹ́gùn tín-ínrín tí yíyí àwo náà ń gbé dìde ló ń gbé e léfòó, àlàfo àárín wọn kéré fíìfíì sí fífẹ̀ irun orí èèyàn. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kéèyàn máa gbé láptọ́ọ̀pù tó wà lórí iṣẹ́ káàkiri ilé, tàbí kó sọ ọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì bíi pìlò. Lọ́jọ́ tí orí bá gbá àwo, ó ti họ ọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé háádì dísìkì àkọ́kọ́ jáde. Àádọ́ta àwo ló wà nínú rẹ̀, ó sì wúwo ju kí ọkùnrin mẹ́wàá gbé e lọ. Gbogbo ohun tó lè gbà sínú kò ju fọ́tò kan tàbí méjì tí fóònù òde òní ń yà. Ọgbọ́n ọjọ́ yẹn náà ló wà nínú èyí tó wà nílé yín: àwo tó ń yí, orí tó ń léfòó. Kìkì pé ó ti kéré dé ibi tí eruku kan ṣoṣo lè bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká pa dà sí etí tẹ́ ẹ gbé tì í. Kí lẹ gbọ́? Bó bá ń kùn wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò dáwọ́ dúró, inú mi dùn. Ó jọ pé àwo àti orí ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́, tó dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀, kẹ́, kẹ́, kẹ́, ẹ pa á. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀! Orí yẹn ń wá ọ̀nà, kò rí i. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún un tàn, ẹ lè máa fi họ ojú àwo sí i. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Ẹ má fọwọ́ gbá a. Ẹ má gbé e sínú fíríìsà nítorí ẹnì kan ní òun ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Omi á kó jọ sí i lára, èyí tó kù tí à bá rí gbà á tún bá a lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Irú èyí, ọ̀dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyọ fáìlì nínú dísìkì tó ti bàjẹ́ ló yẹ kó lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ṣí i lórí tábìlì tí wọ́n ti ń ta ṣájà.

Bí kò bá sì dún rárá ńkọ́? Ó lè jẹ́ dísìkì SSD ni tiyín. Ìyẹn ò ní àwo, kò ní orí, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ le ju ti onírin lọ bó bá jábọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í kìlọ̀. Ó wà lánàá, kò sí lónìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò gbéra là ń sọ. Ohun tí mo ti ń tẹnu mọ́ ni pé ẹrù inú rẹ̀ lè wà níbẹ̀ digbí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ọ̀mátì í kẹ́ ẹ tó kó ẹrù yín jáde.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú. A ti yọ fíláàṣì, a ti tẹ́tí, kò sí ariwo burúkú. Ẹ jẹ́ ká wọ BIOS lọ béèrè bóyá ó mọ dísìkì náà rárá. Bẹ́ ẹ bá ti ń tan kọ̀ǹpútà, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ léraléra. Lórí Dell, F2 ni. Lórí HP, ẹ gbìyànjú Esc tàbí F10. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, Delete ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n to dísìkì sí. Ṣé orúkọ dísìkì yín wà níbẹ̀?

Bó bá wà níbẹ̀, ẹ kú oríire. Ó lè jẹ́ pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ gbígbéra ló yí pa dà, tó jẹ́ pé ibòmíràn ló ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ to dísìkì yín sí àkọ́kọ́, ẹ fi pamọ́, ẹ jáde. Ẹ wo déètì inú BIOS náà pẹ̀lú. Ṣé ọdún ti pa dà sẹ́yìn? Bátìrì róbótó kékeré kan wà lórí pátákó inú kọ̀ǹpútà, CR2032 ni wọ́n kọ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn lára. Òun ni kì í jẹ́ kí BIOS gbàgbé nǹkan nígbà tí kò síná. Bó bá kú, BIOS lè gbàgbé ohun tẹ́ ẹ ti ṣètò, ó lè pa dà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, ó sì lè máa wá Windows níbi tí Windows kò sí. Àwọn kọ̀ǹpútà tokunbọ̀ tí a ń rà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo bátìrì yẹn fún ọdún gbọọrọ kó tó kan àwa. Kì í ṣe nǹkan olówó ńlá. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti tìtorí rẹ̀ fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni.

Bí orúkọ dísìkì ò bá sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ wáyà. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ yọ ọ́ kúrò nídìí iná pátápátá, ẹ ṣí i, ẹ yọ wáyà méjèèjì tó lọ sí dísìkì, ẹ nu eruku, ẹ kì wọ́n pa dà kí wọ́n wọlé dáadáa. Eruku ọyẹ́ wa yìí kì í ṣe kékeré. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, tọ́wọ́ yín ò sì mọ súkúdíráfà dáadáa, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, ẹ fetí sí èyí. Kíkó ẹrù jáde, báwo la ṣe ń ṣe é nígbà tí Windows ò tàn? Ọ̀nà méjì ló rọrùn. Ọ̀nà kìíní, wọ́n á yọ dísìkì náà, wọ́n á kì í bọ káàsì oní-USB, wọ́n á fi sára kọ̀ǹpútà mìíràn bí ẹni fi fíláàṣì sí i. Fáìlì yín á yọjú, ẹ ó dà wọ́n kọ. Ọ̀nà kejì, wọ́n á fi Ubuntu, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, sínú fíláàṣì. Ubuntu lè gbéra láti orí fíláàṣì náà láì fọwọ́ kan Windows yín. Ibi tí wọ́n bá kọ “Try Ubuntu” sí ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ má tẹ “Install” o! Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí dísìkì yín, ẹ kó ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sórí dísìkì mìíràn. Ubuntu ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oníṣẹ́ tó bá ní òun ò gbọ́ ọ rí, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí yóò dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò.

Ìkìlọ̀ kan wà níbi tí mo dé yìí, ìkìlọ̀ ńlá ni. Nígbà míràn, bẹ́ ẹ bá fi dísìkì náà sára kọ̀ǹpútà mìíràn, Windows á gbé àpótí kékeré kan jáde. Á ní ẹ gbọ́dọ̀ fọ́ọ̀mátì dísìkì yìí kẹ́ ẹ tó lè lò ó. Á wá bi yín bóyá ẹ fẹ́. Kí lẹ ó dáhùn? “Cancel.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́: “Cancel.” Windows ò mọ̀ pé fọ́tò ìsìnkú bàbá yín wà níbẹ̀. Kò rí ìwé kà níbẹ̀ ni, ó wá rò pé òfìfo ni. Bẹ́ ẹ bá ti rí àpótí yẹn, ó ti kúrò lọ́rọ̀ ọmọdé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ yíyọ fáìlì ló kù.

Ìkìlọ̀ kejì kan ẹ̀yin tí láptọ́ọ̀pù yín jẹ́ tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti fi àgádágodo tí wọ́n ń pè ní BitLocker ti ẹrù mọ́lé, láì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n tì í. Bí wọ́n bá yọ irú dísìkì bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà gígùn kan tó jẹ́ ẹyọ òǹkà 48 ni yóò béèrè. Láìsí nọ́ńbà yẹn, ọwọ́ oníṣẹ́ tó já fáfá jù lọ ò lè tó o. Inú àkántì Microsoft yín ló sábà máa ń wà. Ṣé ẹ ṣì rántí ọ̀rọ̀ ìwọlé àkántì yẹn? Àbí ọmọ tó bá yín ṣí i ti lọ sí Kánádà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò, ọ̀rọ̀ náà ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ kó ẹrù jáde ná. Àtúnṣe ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àtúnṣe náà, mi ò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Tẹ́rù bá ti wà níbi ààbò, kí oníṣẹ́ ṣe ohun tó bá fẹ́. Ó lè lo Startup Repair tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Ó lè lo CHKDSK láti yẹ dísìkì wò. Àmọ́ kó má lo CHKDSK kẹ́rù tó jáde. Iṣẹ́ ńlá ni CHKDSK ń kó bá dísìkì, ó sì ń yí nǹkan pa dà níbẹ̀. Dísìkì tó ti ń kú lọ lè gbabẹ̀ lọ. Bí ẹrù bá sì ti jáde, fọ́ọ̀mátì náà ò burú mọ́, ó lè jẹ́ òun ló tiẹ̀ yá jù.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ mi tí wọ́n ti fọ́ọ̀mátì tiẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ dísìkì onírin ni, ẹ dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró. Ẹ má kọ ohunkóhun sí i mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹrù àtijọ́ ṣì lè wà níbẹ̀ títí di ìgbà tí ẹ bá gbé tuntun lé e lórí. Bó bá jẹ́ SSD, mi ò ní í tàn yín. Ìrètí ibẹ̀ kéré.

Kí ló ń fa gbogbo èyí gan-an lọ́dọ̀ tiwa? Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìjábọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò ní í dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ iná. Kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan lọ́wọ́ sínú dísìkì, wọ́n mú iná lọ gbà. Ìlànà gbígbéra tí kò kọ tán, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bàjẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì láìsí UPS tó ń gbé iná dúró fún un, ẹ̀yin tí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín ti kú tó jẹ́ pé orí wáyà ló ń gbé, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ ra UPS. Ẹ pààrọ̀ bátìrì. Kẹ́ ẹ sì ní dísìkì kejì tí ẹ ó máa da ohun pàtàkì kọ sí, kó máa gbé ibòmíràn, kó má jẹ́ inú báàgì kan náà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù.

Àkókò ti lọ. Bẹ́ ẹ bá máa gbé kọ̀ǹpútà yín lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ lọ́la, kẹ́ ẹ tó gbé e lé e lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè: “Ṣé ẹ ó kó fáìlì mi jáde kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn?” Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jókòó tì í kó ṣe é níṣojú yín. Bó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.